Ẹnu Mi Ń Ṣògbufọ̀, Etí Mi Ti Sùn

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí síta kì í ṣe èmi. Tiwalolúwa ni, olùkọ́ ilé-ìwé kan tí ó ń bá wa jọ́sìn ní Lakpazee, àdúgbò kan ní Monrovia, Làìbéríà. Ó sọ ọ́ ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2025, níwájú gbogbo ìjọ. Gbólóhùn márùn-ún péré ló fi sọ ọ́. Èmi ni mo fẹ́ sọ ìyókù fún yín, nítorí èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn gbólóhùn márùn-ún náà.

Yéjídé ni orúkọ mi. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí èmi àti Súbérù, ọkọ mi, ti ń gbé Monrovia. Mùsùlùmí ni òun, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Carey Street. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ilé.

N kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ ni mo ti ní ìwé kan tí mo ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé sí: ọjọ́ tí Ìtùnú, ọmọ wa, hu eyín, ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, ẹni tó wá kí wa àti ohun tó sọ. Èmi ni mo kọ́ ara mi bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Súbérù a máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ ṣọ́ra fún Ìyá Ìtùnú o. Bí ẹ bá sín, yóò kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti òwú. Ògbufọ̀ ni mí nínú ìjọ wa. Pásítọ̀ wa, Adépọ̀jù, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ ó ní bí òun bá fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí òun wọ bàtà ẹlòmíràn. Yorùbá ló fi ń wàásù. Èmi a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó máa yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará Làìbéríà tó pọ̀ jù nínú ìjọ. Àwa Yorùbá kò ju ìdílé méje lọ, ìsìn kejì ni àwọn yòókù sì máa ń wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni iṣẹ́ náà. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó lọ bá Pásítọ̀, n ó béèrè ibi tó fẹ́ kà. Nígbà kan ó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan wọ òun ní akínyẹmí ara. Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń béèrè kiri bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sọ irú rẹ̀, títí obìnrin ẹlẹ́ja kan fi ní kí n sọ pé ó wọ eegun. Nígbà tí mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá tó jókòó níwájú ń mi orí. Mo lọ sílé bí ẹni tó gba oyè.

Lẹ́yìn náà ni ìyìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ sọ fún mi pé, "Síísítà, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó dà bíi pé Pásítọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì sì dùn ju èkíní lọ, yà." "Yà" yẹn ni àwọn ará ibí fi máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé mi, mo kọ ọjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ìjọ ti gbòòrò. Ìsìn méjì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbaninímọ̀ràn lọ́jọ́rú. Ẹ̀ka wa tuntun ní Duport Road lọ́jọ́bọ̀. Àdúrà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé nìkan ni mo ní, ọjọ́ Ajé náà ni mo fi ń fọ aṣọ.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò gbé mi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ a ní, "Máà, a ti dé, yà." Mo mọ̀ pé a ti dé. Agbára tí n ó fi wọlé ni mò ń wá.

Iṣẹ́ náà wá tẹ̀ lé mi wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Súbérù ní, "Omi ti tán nínú dírọ́ọ̀mù."

Ètè mi mì.

"Kí lo sọ?"

"N kò sọ nǹkan kan."

"O sọ ọ́. O fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé omi ti tán." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ta lò ń túmọ̀ fún nínú ilé yìí? Adìẹ?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Yéjídé, rò ó wò. Ọ̀rọ̀ tìrẹ wo lo sọ láti àárọ̀?"

Mo rò ó. N kò rí ọ̀kan.

"Sọ fún Pásítọ̀ yín pé ó ti rẹ̀ ọ́."

"Bí mi ò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Ní ọjọ́ tí mo béèrè rẹ̀, mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá, Pásítọ̀ ti mú Tiwalolúwa wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Ìtùnú, Monrovia níbí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, àmọ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ fún un nílé. Ẹ dán an wò. Bó bá mọ̀ ọ́n, kó máa gba ìdajì lọ́wọ́ yín. Ẹ ti rù."

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi kọ́kọ́ dùn.

Mo mú un lọ sí yàrá akọrin. Mo sọ gbólóhùn mélòó kan, ó yí wọn padà láìkọsẹ̀. Mo wá fún un ní èyí tó le. Mo ní, "Ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò."

Ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí, pé ìbànújẹ́ jẹ́ kí bàbá arúgbó náà wo ilẹ̀ títí tó fi gbàgbé pé ojú ọ̀run wà.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀. N kò dé ibẹ̀ rí.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Mà. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn, mo máa ń gbọ́ yín."

Ó yẹ kí n dì mọ́ ọn. Ńṣe ni mo rí àwọn ìyá iwájú yẹn lọ́kàn mi, tí wọ́n ń mi orí fún ẹlòmíràn. Mo lọ bá Pásítọ̀. Mo ní, "Kò tíì tó, sà. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Bí a bá gbé maikirofóònù fún un, yóò dójú tì wá."

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. "Mo ti rò pé ìsinmi yín dé. Ó dáa. Ẹ máa bá a lọ. Ọlọ́run á fún yín lókun." Ó fi Tiwalolúwa sí kíláàsì àwọn ọmọdé ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé mo ṣí ìwé mi. N kò mọ bí a ṣe ń purọ́ fún ìwé yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo dán T. wò. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Lẹ́yìn èyí, ojú ìwé náà wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò ní nǹkan kan tí mo lè kọ.

Báwo ni ẹni tó ti rẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí kò fẹ́ fún ẹlòmíràn? Ó máa ń wá ibi tí yóò ti sùn sí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Èmi, ibi ẹ̀rí jíjẹ́ ni mo sùn sí. Gbogbo ẹ̀rí ló jọra: mo ṣàìsàn, mo gbàdúrà, ara mi yá, ẹ bá mi yin Olúwa. Mo ní gbólóhùn tí mo ti sè sílẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́rìí, etí mi a pa dé, ẹnu mi a máa lọ. Èyí tí mo bá sọ máa ń dùn ju tiwọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Nígbà náà ni Màmá Níran dé. Ìkìrun ni ọmọ rẹ̀ ti mú un wá ní oṣù Kìíní, kó lè bá wọn gbé ọmọ tuntun. Níran ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja, kì í pẹ́ nílé. Kọ́pọ̀, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Làìbéríà ni, kò gbọ́ Yorùbá. Màmá kò gbọ́ èdè mìíràn. Ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ní ìsìn àkọ́kọ́, Pásítọ̀ wà ní Duport Road, igbákejì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Làìbéríà ló ń darí. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Màmá Níran jáde wá. Mo gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu.

Ohun tó sọ nìyí. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará, àmọ́ n kò tẹ́tí sí i títí ó fi parí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí yín. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí ojú mi òsì ti ṣú, tí ilẹ̀ ń yí mi. Níran wà lójú òkun, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyàwó rẹ̀ rò pé oorun ló ń kùn mí. Ẹ ṣàánú mi, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù."

Ọlọ́run, ọjọ́ kẹsàn-án, ojú. Èyí tó wọ etí mi nìyẹn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ìdajì. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ojú màmá fi ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run là á.

Gbogbo ilé dìde. Akọrin gbé orin. Wọ́n yí ìyá náà ká, wọ́n ń jó. Kọ́pọ̀ náà ń jó, ó gbé ọmọ pọ̀n. Màmá dúró láàárín wọn, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń jó sí?"

Etí mi jí. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọsibítù. Maikirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ni ì bá tán ọ̀rọ̀ náà: ẹ dákẹ́, mo ṣì í sọ. Mo wo ojú àwọn ènìyàn náà, bí wọ́n ṣe ń fi ìyìn wò mí.

Mo ní, "Wọ́n ń bá yín dúpẹ́ ni, Mà. Pásítọ̀ máa rí yín."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo pinnu pé n ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ìsìn kejì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dúró níwájú Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, òun ló ṣíwájú mi sọ̀rọ̀: "Mo gbọ́ pé Ọlọ́run la ojú ìyá Níran. Ìyá Ìtùnú, ẹ rí i pé làálàá yín kò já sásán." Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Duport Road, mo sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní ìkóríta ilé Màmá Níran. Mo rìn dé ẹnu géètì. Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ife omi wà lápá òsì rẹ̀ lórí àga, ó ń fi ọwọ́ táràrà wá a lórí àga náà. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lára ife lẹ́ẹ̀mejì. Èmi rí i. Òun kò rí mi.

Mo padà sẹ́yìn.

Ẹ lè pe ti ọjọ́ Àìkú ní àárẹ̀. Ti ọjọ́bọ̀ yẹn kì í ṣe àárẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí ìsìn àkọ́kọ́ ṣe ń parí lọ, Pásítọ̀ wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú àwọn àlejò. Igbákejì rẹ̀ ní, "Àwọn kan kò sí níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ́l Máà tí Ọlọ́run la ojú rẹ̀, ẹ jáde wá sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọ́l Máà ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

Kọ́pọ̀ ló fà á lọ́wọ́ jáde. Mo rí Tiwalolúwa ní ìlà kejì. Àwọn ọmọdé kò ní kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Màmá di maikirofóònù mú fúnra rẹ̀. Kò pariwo. "Ojú mi kò là. Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí ti òsì ti kú. Ṣebí mo sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù. Ẹ jó. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó gbé maikirofóònù fún mi. Gbogbo ènìyàn ń wò mí, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ti ṣe tán láti pàtẹ́wọ́. Mo la ẹnu. Ohùn kò jáde. Mo tún un là. Bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn láti òde, tí mo wà nínú ilé, tí mò ń gbá a.

Tiwalolúwa dìde. Kò jáde sí iwájú, kò béèrè maikirofóònù. Láti orí ìjókòó rẹ̀ ló ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́:

"Màmá ní ojú òun kò là. Ó ní ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí ojú òsì òun ti kú. Ó ní òun sọ ọ́ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì ní kí a gbé òun lọ sí ọsibítù. Ó ń béèrè ohun tí òun ṣe fún wa tí a fi jó lé òun lórí. Ohun tó sọ nìyẹn, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀."

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló fa Pásítọ̀ jáde. Wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ìyá Ìtùnú, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí Tiwalolúwa. "Wọ́n sọ fún mi pé o kò gbọ́ Yorùbá tó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

Èmi ni Pásítọ̀ ń wò. Kọ́pọ̀ jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Mo rò pé oorun ni, yà. Mo rò pé oorun ni."

Wọ́n gbé màmá lọ sí ọsibítù láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àtọ̀gbẹ ni, kò mọ̀ pé òun ní i. Wọ́n rí ojú ọ̀tún dáàbò bò. Ti òsì kò padà. Mo lọ bá dókítà fúnra mi, mo bi í bóyá ọ̀sẹ̀ kan ì bá mú ìyàtọ̀ wá. Ó ní, "N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." Ìdáhùn yẹn ni mo ń gbé kiri.

Ọjọ́ méjìlá ni ohùn mi fi lọ. N kò jáde nílé; mo jókòó, mo kọ ti ọjọ́ Àìkú àti ti ọjọ́bọ̀ sínú ìwé mi. Ní ọjọ́ kan mo gbé ìwé mi fún Súbérù, mo ṣí i sí oṣù Kẹwàá. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Oṣù márùn-ún ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sinmi," ó ní. "Wọ́n ti gbé ìsinmi wá bá ọ. Ìwọ lo jókòó lé e lórí."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìyẹn lọ: iṣẹ́ kọ́ ló pa mí. Pé n kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan án ni. Mo ní ìfẹ́ iṣẹ́ náà títí ó fi ku ìfẹ́ ara mi nìkan, tí n kò sì mọ ọjọ́ tí ìyípadà náà wáyé, èmi tí mo ń kọ ọjọ́ gbogbo nǹkan sílẹ̀.

Nígbà tí Níran ti òkun dé, mo ní kí Pásítọ̀ bá mi dá ọjọ́. Èmi, Súbérù, Pásítọ̀ àti Tiwalolúwa ni a jọ lọ. Mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ṣí ìwé mi, mo ka ohun tí mo kọ nípa Tiwalolúwa, mo ka ti ọjọ́ Àìkú, mo ka ti ọjọ́bọ̀ tí mo dé ẹnu géètì tí mo padà. Ti ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Níran fò dìde. "Ẹ rí ìyá mi tó ń táràrà, ẹ yí ẹ̀yìn padà? Ẹ tún wá ń kàwé fún wa?"

"Níran, jókòó," màmá wí. "Jẹ́ kó kà á tán. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ lónìí."

Mo kà á tán. Mo yíjú sí Tiwalolúwa, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ dìde, Mà. Ẹ máa bá mi ṣọ́ ara mi ni, kí èmi náà má lọ fẹ́ràn maikirofóònù jù." Súbérù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tí a wà.

Pásítọ̀ ní Tiwalolúwa ni yóò máa ṣe ìsìn àkọ́kọ́ àti Duport Road, pé òun á fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù níbi ìyókù, pé èmi yóò sinmi títí ọdún yóò fi parí, lẹ́yìn náà kí n máa ṣe ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Mo gbà. Ó dùn mí, mo sì gbà.

Màmá kò tíì sọ tirẹ̀. Ó na ọwọ́, mo gbé ìwé náà sí i lọ́wọ́, ó ṣí i, ó fi ìka pa ojú ewé tí n kò kọ nǹkan sí.

"Ṣé ó ṣì láyè?"

"Ó láyè, Mà."

"N kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ń bẹ nínú mi, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè mi nílé yìí nígbà tí Níran bá lọ. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, máa wá jókòó tì mí. Èmi ni n ó máa sọ. Má túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kankan. Má fi adùn sí i. Bí mo bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́."

"Mo gbọ́, Mà."

"Ṣé o gbọ́?"

Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó dáhùn. "Mo gbọ́."

Ó dá ìwé náà padà fún mi. "A ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kọ ọjọ́ òní ṣáájú, mo gbọ́ pé bí o ṣe ń ṣe nìyẹn."

Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sórí ewé náà: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, ọdún 2025.